Ọ̀RỌ̀ TÍṢÀ: Fọ́tò Inú Fóònù Màmá

  

Ní Sátidé tó kọjá, ìyá aláṣọ kan tí mo máa ń ra ọjà lọ́wọ́ rẹ̀ ní Gbági dá mi dúró. Ó ní, “Tíṣà, ọdún méjì gbáko ni o fi wà ní ìlú òyìnbó yẹn, gbogbo ohun tí o ń kọ fún wa kò ju òtútù àti yìnyín lọ. Ṣé wọn kò ní íntánẹ́ẹ̀tì níbẹ̀ ni? Ṣé wọn kò ní fóònù bíi tiwa?” Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní, “Ẹ̀yin ìyá, wọ́n ní in. Wọ́n ní in ju bí ẹ ti rò lọ.” Ó ní kí n kọ ọ́ kí òun kà á. Nítorí náà ni mo ṣe fẹ́ sọ ọ́ lónìí, àti èyí tí ó dùn, àti èyí tí ó ti há mi lọ́fun láti ìgbà tí mo ti dé.

Ìlú Bẹ̀lárùs ni mo ń wí. Ẹ má ṣe pè é ní Rọ́ṣíà o, bó tilẹ̀ jẹ́ pé èdè Rọ́ṣíà ni èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn ń sọ ní ìgboro. Rọ́ṣíà wà ní ìlà oòrùn rẹ̀, Pólándì ní ìwọ̀ oòrùn, Ukréìn ní gúúsù, Lituéníà àti Látífíà sì wà ní apá àríwá. Wọ́n wà lábẹ́ ìjọba Soviet títí di ọdún 1991. Àwọn ọmọ Nàìjíríà ń lọ síbẹ̀ láti kọ́ iṣẹ́ ìṣègùn. Èmi lọ kọ́ èdè wọn fún ọdún kan, mo sì fi ọdún kejì kẹ́kọ̀ọ́ sí i lórí iṣẹ́ olùkọ́. Minsk, olú ìlú wọn, ni mo gbé, láti 2022 títí di 2024.

Ọjọ́ kejì tí mo dé ni mo lọ gba nọ́ńbà fóònù. Wọ́n gba pàsípọ́ọ̀tù mi, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò síwájú sẹ́yìn, mo fọwọ́ sí ìwé. Ẹ ó ní àwa náà ń fi NIN forúkọ sílẹ̀. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n níbẹ̀, bí o bá jókòó sí ilé kọfí tí o sì fẹ́ lo íntánẹ́ẹ̀tì ọ̀fẹ́ wọn, o ní láti kọ́kọ́ tẹ nọ́ńbà fóònù rẹ, wọn yóò fi nọ́ńbà àṣírí ránṣẹ́ sí ọ, kí ó lè hàn pé ìwọ ni o jókòó níbẹ̀. Ọdún 2010 ni ààrẹ wọn, Alexander Lukashenko, tí ó ti wà lórí oyè láti 1994, fọwọ́ sí àṣẹ tí ó bí irú nǹkan báwọ̀nyí. Nígbà náà, ẹni tí ó bá lọ sí ilé tí wọ́n ti ń fi kọ̀ǹpútà ṣòwò a máa mú pàsípọ́ọ̀tù dání bí ẹni tí ó fẹ́ kọjá ibodè. Mo gbọ́ ọ, mo sì gbàgbé rẹ̀. Èmi tíṣà tí n kò jalè, kí ni ó kàn mí níbẹ̀?

Mo gba yàrá kan lọ́dọ̀ ìyá àgbàlagbà kan tí òun náà ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà. Ìṣirò ni ó kọ́ àwọn ọmọ. Ní ọ̀dọ̀ wọn, bí ènìyàn bá fẹ́ pe àgbà, yóò pe orúkọ rẹ̀ mọ́ orúkọ bàbá rẹ̀. Ahọ́n mi kò lè gbé méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà, ni mo bá ń pè é ní Màmá, ó sì dùn mọ́ ọn. N kò ní sọ àdúgbò rẹ̀ fún yín, mo sì ti yí ohun kan tàbí méjì padà nínú ìtàn yìí. Ẹ ó mọ ìdí rẹ̀ láìpẹ́.

Fíríìjì Màmá, Atlant ni orúkọ rẹ̀, ní Minsk níbẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣe é. Ọdún 1962 ni ilé iṣẹ́ náà ṣe fíríìjì rẹ̀ àkọ́kọ́. Tẹlifíṣàn rẹ̀, Horizont, ọmọ Minsk náà ni. Wọ́n ti gbó. Fíríìjì náà a máa gbọ̀n rìrì bí ẹni tí ibà mú, ṣùgbọ́n omi inú rẹ̀ a máa di yìnyín. Màmá a gbá a lẹ́gbẹ̀ẹ́ pẹ́pẹ́, a ní, “Yóò pẹ́ láyé jù mí lọ.”

Ṣùgbọ́n fóònù rẹ̀ kì í ṣe ti àtijọ́. Ọmọ rẹ̀ obìnrin ni ó rà á fún un. Lẹ́ẹ̀kan lóṣù, Màmá a jókòó sídìí tábìlì ilé ìdáná, a fi awò ojú sójú, a ṣí báńkì rẹ̀ lórí fóònù. Owó iná, owó omi, owó ẹ̀rọ tí ń mú ilé móoru, owó ẹ̀rọ tí ń gbé wa lọ sókè ilé, owó tẹlifóònù, ojú kan ṣoṣo ni ó ti ń san gbogbo wọn. ERIP ni wọ́n ń pe ètò náà, báńkì àpapọ̀ orílẹ̀-èdè wọn ni ó gbé e kalẹ̀. Owó ilé ẹ̀kọ́ tèmi pàápàá, ibẹ̀ ni mo ti san án. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ó ti tán. Kò sí “ẹ padà wá lọ́la”, kò sí akọ̀wé tí ó ń jẹ ẹ̀pà tí ó ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti lọ. Síbẹ̀síbẹ̀, Màmá a tún fi pẹ́ńsùlù kọ iye gbogbo rẹ̀ sínú ìwé kékeré kan, a ṣe ìṣirò rẹ̀ lọ́wọ́, a sì fa ìlà sí èyí tí ó bá ti san. Tíṣà ni, kò gba ẹ̀rọ gbọ́ tán.

Ẹ̀yin ọlọ́jà, apá tiyín ni ó kàn. Ọjà ńlá kan wà ní Minsk tí wọ́n ń pè ní Komarovka. Ẹ fi orúkọ yìí sọ́kàn. Àwọn ìyá tí ń ta ewébẹ̀ àti wàrà níbẹ̀ mọ bí a ti ń fa ojú oníbàárà mọ́ra, wọ́n jọ yín púpọ̀. Mo ra ọ̀dùnkún òyìnbó lọ́wọ́ ọ̀kan, mo ń ka owó lọ́wọ́, ó gbé POS kékeré síwájú mi, ó ní kí n fi káàdì kàn án. Mo fi kàn án. Ó dún “píì”. Mo dúró. Ìyá náà ní, “Kí lo tún ń dúró ṣe?” Ẹ wò ó, alẹ́ẹ̀tì ni mo ń dúró dè, bí a ti ń ṣe nílé!

Owó onírin wọn pàápàá, kò tí ì pẹ́ tí wọ́n ní in. Ọjọ́ kìíní oṣù keje ọdún 2016 ni wọ́n gé òdo mẹ́rin kúrò lára owó wọn, tí 10,000 àtijọ́ di ẹyọ 1, ìgbà náà ni owó onírin ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde. Owó bébà tí wọ́n ná nígbà náà, ọdún 2009 ni ó wà lára rẹ̀, nítorí wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ pa mọ́ tipẹ́. Kí wọ́n tó gbé e jáde, ìlànà àkọtọ́ tuntun ti bẹ̀rẹ̀ fún èdè Bẹ̀lárùs ní 2010, ni owó 50 bá jáde pẹ̀lú àṣìṣe àkọtọ́ lára! Nígbà tí Màmá fi í hàn mí, bíró pupa mi fẹ́rẹ̀ẹ́ fò jáde lápò.

Kí ẹ tó bá mi fi wọ́n rẹ́rìn-ín, ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ tèmi. Ní oṣù tí mo kọ́kọ́ dé, èmi àti Màmá kò gbọ́ èdè ara wa. Google ni ògbufọ̀ wa. Èmi a tẹ Yorùbá, fóònù a sọ ọ́ di Rọ́ṣíà. Òun a tẹ tirẹ̀, fóònù a dá a padà fún mi. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, ó bi mí léèrè ohun tí mo ń ṣe lẹ́nu ọ̀nà nínú òtútù. Mo ti fi fóònù pe takisí, mo fẹ́ sọ pé ọkọ̀ mi ni mo ń dúró dè. Nítorí ìkánjú àti ìka tí ó ti kú, n kò fi àmì kankan sí i. Màmá kà á, ó wò mí láti orí dé ẹsẹ̀, ó tún un kà. Ẹ̀rọ náà ti sọ fún un pé ọkọ mi ni mo ń retí! Èmi tíṣà Yorùbá, èmi tí mo ti yọ máàkì lọ́wọ́ àìmọye ọmọ nítorí àmì ohùn! Títí mo fi kúrò nílé náà, nígbàkígbà tí mo bá ń wọ bàtà lẹ́nu ọ̀nà, Màmá a yọjú láti ilé ìdáná, a ní, “Ṣé ọkọ rẹ ti dé?”

Viber ni ó tún kù. Ohun tí WhatsApp jẹ́ fún wa ni Viber jẹ́ fún wọn. Àwọn ọmọ Bẹ̀lárùs wà lára àwọn tí ó kọ́ ọ. Ilé alájà mẹ́sàn-án ni tiwa, gbogbo ojúlé sì wà nínú ẹgbẹ́ kan lórí Viber. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń béèrè ẹni tí ó gbé mọ́tò dí ọ̀nà, tàbí ẹni tí ọmọ rẹ̀ fi ṣọ́ọ̀kì kọ nǹkan sára ògiri. Lọ́jọ́ tí mo dín ata nílé ìdáná, ojú ń ta gbogbo àjà mẹ́ta. Ọ̀rọ̀ ń wọlé sórí Viber wùrùwùrù: kí ni ó ń jóná? Ẹlòmíràn ní kí wọ́n pe panápaná. Màmá húkọ́, ó nu ojú, ó tẹ̀ ẹ́ fún wọn pé, “Ẹ fọkàn balẹ̀. Oúnjẹ ni. Àlejò mi ni ó ń sè é.” Ó ya fọ́tò ìkòkò náà ránṣẹ́ sí wọn gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí.

Bí ọ̀rọ̀ bá dúró síbẹ̀, n bá ti sọ fún ìyá aláṣọ Gbági pé àwọn ará ibẹ̀ ti gbádùn jù wá lọ.

Nígbà tí etí mi ti ń ṣí díẹ̀ sí èdè wọn ni Màmá sọ ìtàn ọdún 2020 fún mi. Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kẹjọ, ni wọ́n dìbò ààrẹ. Ìgbìmọ̀ ìdìbò ní Lukashenko ni ó borí, pé ohun tí ó lé ní 80 nínú ọgọ́rùn-ún ni ó ní. Sviatlana Tsikhanouskaya tí ó bá a du ipò náà kò gbà, ọ̀gọ̀ọ̀rọ̀ ènìyàn kò sì gbà, wọ́n tú sí ìgboro. Ọjọ́ náà gan-an ni íntánẹ́ẹ̀tì kú jákèjádò ilẹ̀ náà, bíi ọjọ́ mẹ́ta. Ìjọba ní òkè òkun ni wọ́n ti pa á. Àwọn tí ó gbọ́n nípa fóònù ń lo VPN tí wọ́n ń pè ní Psiphon láti rí ìròyìn díẹ̀díẹ̀ lórí Telegram. Ẹ̀yin tí ẹ rántí ìgbà tí wọ́n ti Twitter pa níbí, láti oṣù kẹfà 2021 títí di oṣù kìíní 2022, ẹ mọ ohun tí VPN jẹ́.

Màmá kò mọ VPN. Ohun tí ó mọ̀ ni pé ọmọ rẹ̀ kò wálé, àti pé fóònù kò lè sọ ibi tí ó wà fún un. Ó ní òun gbé fóònù sórí tábìlì fún ọjọ́ mẹ́ta, òun ń wò ó bí ẹni tí ń ṣọ́ aláìsàn. Ní ọjọ́ kejìlá, íntánẹ́ẹ̀tì padà. Ohun tí ó kọ́kọ́ wọlé ni fọ́tò kan.

Ní ọjọ́ kejìlá yẹn, àwọn obìnrin wọ aṣọ funfun, wọ́n mú òdòdó lọ́wọ́, wọ́n tò lẹ́sẹẹsẹ lẹ́bàá ọjà Komarovka nítorí àwọn tí ọlọ́pàá mú tí wọ́n sì lù. Ọmọ Màmá wà nínú wọn. Nínú fọ́tò náà ó ń rẹ́rìn-ín, òdòdó kan wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì so rìbọ́ọ̀nù tẹ́ẹ́rẹ́ mọ́ ọrùn ọwọ́: funfun, pupa, funfun. Àwọ̀ àsíá wọn àtijọ́ ni, èyí tí ilẹ̀ náà lò ní 1918, tí wọ́n tún lò láti 1991 sí 1995. Láti 2020, ẹni tí ó bá gbé e jáde ti wá wàhálà. Ọmọ náà kó lọ sí Vilnius ní Lituéníà ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, kò sì padà mọ́.

Ìjọba ní ìwé kan tí wọ́n ń kọ orúkọ àwọn ìkànnì àti ojú ewé tí wọ́n pè ní ti alákatakítí sí. Tut.by, tí ó jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn tí wọ́n ń kà jù lọ, wọ́n tì í pa ní ọjọ́ 18 oṣù karùn-ún 2021, ó sì bọ́ sínú ìwé náà. Bí ọlọ́pàá bá rí ọ̀kan nínú irú ìkànnì bẹ́ẹ̀ lórí fóònù rẹ, tàbí ìròyìn kan tí o mú nínú rẹ̀ fi ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́, owó ìtanràn ni, tàbí àtìmọ́lé ọjọ́ 15. Ní ibodè, wọ́n a máa gba fóònù wò.

Láti Minsk dé Vilnius kò tó 200 kìlómítà. Nígbà tí yìnyín ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ́ tán ní 2024, Màmá fẹ́ lọ kí ọmọ rẹ̀. Ní alẹ́ tí ọkọ̀ rẹ̀ yóò lọ ní ìdájí, mo bá a lórí tábìlì ilé ìdáná, ó fi awò ojú sójú, fóònù wà lọ́wọ́ kan, ìwé kékeré wà níwájú rẹ̀. Mo rò pé owó omi ni. Kì í ṣe owó omi. Ó ti kọ ohun tí ó fẹ́ pa rẹ́ sílẹ̀, nọ́ńbà kìíní títí dé ìkeje, bí ó bá sì ti ṣe ọ̀kan, a fi pẹ́ńsùlù fa ìlà sí i. Ọ̀rọ̀ tí ọmọ rẹ̀ sọ. Orúkọ ọ̀rẹ́ ọmọ rẹ̀ kan. Ohùn tí aládùúgbò kan fi ránṣẹ́. Nọ́ńbà keje ni fọ́tò náà.

Ó ní ìgbà kẹrin nìyí tí òun yóò pa á rẹ́. Bí òun bá ti padà, tí ara bá rọlẹ̀, ọmọ òun a wá ọ̀nà fi í ránṣẹ́ padà. Mo ní, “Màmá, kí ló dé tí ẹ kò fi í sílẹ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀ ní Vilnius?” Ó ní, “Ìhín ni mo ń gbé. Ìhín ni mo fẹ́ kí ó wà.”

Lẹ́yìn náà ó wò mí. Ó ní, “Àlejò ni ọ́. Ìwọ kò kọjá ibodè lọ́la. Jẹ́ kí n fi ránṣẹ́ sí ọ, kí o bá mi tọ́jú rẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta péré.”

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ó wù mí kí n sọ fún yín pé mo gbà. N kò gbà. Mo rántí ìwé ìgbélùú mi tí wọ́n lè fagi lé. Mo rántí owó tí àwọn ará ilé dá jọ kí n tó wọ ọkọ̀ òfuurufú. Mo rántí pé èmi nìkan ni aláwọ̀ dúdú ní gbogbo òpópó náà, bí ọlọ́pàá bá fẹ́ dá ẹnìkan dúró, ojú ta ni yóò kọ́kọ́ bá? Mo ní, “Màmá, ẹ forí jì mí.” Ẹnu ara mi ni mo fi sọ ọ́, ní èdè tirẹ̀, n kò lo Google.

Ó ní, “Kò burú, ọmọ mi. Èmi ni kò yẹ kí n béèrè.” Ó fi ìka méjì fa fọ́tò náà kí ojú ọmọ rẹ̀ lè tóbi, ó wò ó fún ìgbà díẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́, ó lọ. Ó tún wọ ibi tí fóònù ń kó ohun tí a pa rẹ́ pa mọ́ sí, ó pa á rẹ́ níbẹ̀ pẹ̀lú. Ó fa ìlà sí nọ́ńbà keje. Ó gba ìwé náà wò láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó ya ojú ewé náà, ó fi í sínú iná gáàsì.

Mo wọ yàrá lọ, mo ti ilẹ̀kùn. Mo ṣí fóònù tèmi. Nínú ẹgbẹ́ àwa ọmọ Nàìjíríà lórí WhatsApp, ọmọkùnrin kan ti gbé fídíò ìwọ́de kan síbẹ̀ láti oṣù mélòó kan sẹ́yìn pẹ̀lú àmì ẹ̀rín, n kò tilẹ̀ kíyè sí i nígbà náà. Mo pa á rẹ́. Aago méjì òru ni mo tó sùn.

Ní ọjọ́ kẹrin, Màmá padà pẹ̀lú wàràkàṣì àti ìbọ̀sẹ̀ tí ọmọ rẹ̀ rà fún mi. Ẹ wo ọmọ yẹn, kò mọ̀ mí rí! Ó ní ọ̀dọ́mọkùnrin kan ni ó gba fóònù òun ní ibodè, ó yí i lọ yí i bọ̀: ológbò, àkàrà òyìnbó, ọ̀dùnkún, ìkòkò ata mi. Ó béèrè pé ta ni ó ń se irú ata báyìí. Màmá ní, “Ọmọ ilé mi ni.” Ó dá fóònù náà padà fún un. N kò béèrè fọ́tò náà lọ́wọ́ rẹ̀, òun náà kò sì mẹ́nu bà á mọ́ títí mo fi di ẹrù mi.

A ṣì ń kí ara wa lórí Viber. Ní oṣù tó kọjá, ó fi fọ́tò ọ̀dùnkún inú oko rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi, garawa méjì kún fọ́fọ́, ọwọ́ rẹ̀ hàn ní ẹ̀gbẹ́ kan, erùpẹ̀ wà léèékánná. Ó ti tó ẹ̀ẹ̀mẹta tí mo tẹ ìbéèrè mi tí mo sì pa á rẹ́. Níkẹyìn mo kọ ọ́ pé ọ̀dùnkún náà tóbi, pé òjò ti ń rọ̀ níbí, pé mo ń dúró de ọkọ̀ láti lọ sí ilé ẹ̀kọ́. Mo fara balẹ̀ fi àmì sí gbogbo rẹ̀, lókè àti nísàlẹ̀.

Kò pẹ́ tí èsì fi dé. Ó ní, “Ṣé ọkọ rẹ kò tí ì dé síbẹ̀?”